Aṣọ Pupa Tí Fuhai Wé Mọ́ Òpó

Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, ẹ kà á dé òpin, kódà bí omi bá ń bọ́ lójú yín. Ẹni tó bá jù ú sílẹ̀ láàárín ọ̀nà lè rò pé ọ̀rọ̀ àwa ará òkè nìkan ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

1.

Lei Fuhai ń ta àgádágodo lórí òkè wa, lójú ọ̀nà tóóró tó gba ẹ̀gbẹ́ tẹ́ńpìlì lọ sí àwọn ihò àpáta tí àwọn baba ńlá wa gbẹ́ ère Búdà sí. Ọwọ́ kan ọ̀nà náà jẹ́ àpáta, ọwọ́ kejì jẹ́ ọ̀gbun. Ẹ̀wọ̀n irin tí wọ́n ta láti òpó dé òpó nìkan ló wà láàárín èèyàn àti ikú.

Ẹ̀wọ̀n yẹn náà la máa ń há àgádágodo mọ́. Ìyàwó Fuhai á kọ orúkọ ìdílé rẹ sí i lára, ìwọ á tì í pa mọ́ ẹ̀wọ̀n, wàá sì ju kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú ọ̀gbun, kí ohunkóhun má bàa tú ilé rẹ ká. Kò sẹ́ni tó máa ń rántí pé irin wúwo.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Fuhai bí: Suyin, tó wà nílé ọkọ nílùú ńlá. Ọdún ń gorí ọdún, oyún kì í dúró. Lọ́dún yẹn, ó dúró. Fuhai ò tún ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu. Kó o ṣáà bá a mu tíì, wàá gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ-ọmọ títí etí yóò fi kún.

2.

Nígbà tí yìnyín yọ́, òpó tó wà níwájú Búdà ńlá sán, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo èèyàn ń fẹ́, torí ojú Búdà bọ́ sí i tààrà. Àgádágodo ti ṣù mọ́ ọn bí oyin ṣe ń ṣù mọ́ ẹ̀ka igi.

Ìyá Huiding, arúgbó tó fá orí kodoro, tó ń tọ́jú tẹ́ńpìlì, gbé ẹ̀mú ńlá tí wọ́n fi ń gé irin wá bá Fuhai.

"Fuhai, jọ̀wọ́, jẹ́ ká gé díẹ̀ kúrò. Òpó yìí ń mì."

"Háà, Ìyá Àgbà! Ṣé ẹ fẹ́ kí n tú ìdílé ọmọlọ́mọ ká ni?"

"Mo ní ó ń mì!"

"Orúnkún yín ló ń mì. Òpó le koko. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ ìbí Búdà kọjá ná."

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ irọ́! Ìdílé ta ló ń rò? Ó mọ̀ pé ibi tí àgádágodo bá pọ̀ sí lèrò ń fẹ́ há tiwọn mọ́. Ẹ̀wọ̀n òfìfo kì í pe oníbàárà.

Ìyá Huiding ta okùn dí ibẹ̀. Kò tíì wọlé tán tí Fuhai fi tú u. Ó mú aṣọ pupa, ó wé e mọ́ ibi tó sán, ó ta kókó ńlá sí i. Nílẹ̀ wa, ta ni kò mọ̀ pé ibi tí aṣọ pupa bá wà, ibi ire ni? Láti ọjọ́ náà làwọn èèyàn ti ń ti ara wọn nítorí òpó yẹn. Fuhai ń rẹ́rìn-ín. Kò sọ ohun tó wà lábẹ́ aṣọ fún ìyàwó rẹ̀ pàápàá.

3.

Ọjọ́ ìbí Búdà pé. Èrò kún òkè, èéfín tùràrí bo ojú ọ̀nà, aago tẹ́ńpìlì ń dún. Suyin dé láìsọ fún bàbá rẹ̀, ó fẹ́ ya á lẹ́nu. Ìyá rẹ̀ yọ àgádágodo aláwọ̀ ìyeyè tó ti fi pa mọ́ fún un. Ó ti kọ orúkọ Suyin àti ti ọkọ rẹ̀ sí i, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ ọmọ.

"Màámi, ibo ni kí n há a mọ́?"

"Ibi aṣọ pupa, ọmọ mi. Bàbá ẹ ní ibẹ̀ lojú Búdà wà. Rọra rìn o!"

Fuhai ń bá oníbàárà kan ná ọjà nígbà tó gbójú sókè. Ó rí ọmọ rẹ̀, ó rí ikùn rẹ̀. Suyin ti ti àgádágodo pa, ó mú kọ́kọ́rọ́ dání, ó sì fẹ́ fara ti ẹ̀wọ̀n láti jù ú.

"Suyin! Kúrò níbẹ̀! Kúrò!"

Aago bo ohùn rẹ̀. Ọmọ rò pé bàbá òun ń kí òun ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó juwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ló fara ti ẹ̀wọ̀n, ó ju kọ́kọ́rọ́. Òpó fà tu.

4.

Suyin ò já bọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó di ẹ̀wọ̀n mú, ó ń fì dirodiro lórí ọ̀gbun. Àwọn ọkùnrin dì mọ́ ẹ̀wọ̀n lókè, wọ́n ń fà á, ṣùgbọ́n àgádágodo ń há mọ́ etí àpáta. Kò gòkè.

"Bàbá, ẹ fà mí! Ọmọ mi o, Bàbá!"

"Má tú ọwọ́ o! Suyin, mo bẹ̀ ọ́, má tú ọwọ́!"

Fuhai ń fi òkúta lu àgádágodo, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wo ni ì bá fi ṣí wọn? Gbogbo rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ ọ̀gbun. "Ẹ bá mi gé e! Ẹ gé gbogbo rẹ̀!" Òun tó ní òun ò lè tú ìdílé ọmọlọ́mọ ká.

Ìyá Huiding gbé ẹ̀mú sáré dé, lórí orúnkún tí Fuhai fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n gé, wọ́n ń gé. Ẹ̀wọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. "Ó ń bọ̀! Ó ń bọ̀!" làwọn èèyàn ń pariwo.

"Bàbá, ọwọ́ mi..."

Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀wọ̀n fúyẹ́ lọ́wọ́ wọn.

5.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyàwó Fuhai di ẹrù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ló sọ: "Bàbá Suyin, aṣọ pupa tí ẹ so, èmi ni mo fi ẹnu ara mi rán ọmọ mi lọ síbẹ̀." Ó lọ, kò padà wá.

Àgádágodo aláwọ̀ ìyeyè náà ṣì wà lára ẹ̀wọ̀n nígbà tí wọ́n fà á sókè. Fuhai gbà á. Títí di òní, ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ̀gbun, á máa ṣa kọ́kọ́rọ́ láàárín òkúta, á máa kì wọ́n bọ àgádágodo náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ti dípẹtà, èyí tó ti tẹ̀. Kò tíì rí èyí tó ṣí i. Bí a bá pè é pé kó wá jẹun, á ní, "Ó kù díẹ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí wọ́n bá sọ fún yín pé nǹkan ń mì, ẹ má wé aṣọ mọ́ ọn nítorí ọjà. Ẹ lè máa rò pé àlejò tí ẹ ò mọ̀ ni yóò fara tì í. Ẹ ò mọ ẹni tó ń gòkè bọ̀. Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ bá fẹ́ràn, kí ó tó pẹ́ jù: ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.