Ìṣílé Ọlágòkè

Ẹ̀rù ẹnu ayé ni àléébù Ọlágòkè. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe olè, kì í sì í mutí. Ṣùgbọ́n kò lè ṣe ohunkóhun láìkọ́kọ́ rò ó pé kí ni àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì òun máa sọ. Ẹ bá mi ká lọ, ẹ ó rí ibi tí ẹ̀rù yìí gbé e dé.

Akute ló ń gbé, òun àti Morẹ́nikẹ́ ìyàwó rẹ̀ àti Delight, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo. Ọ̀gá ni ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ọjà. Nígbà tí nǹkan ń lọ déédéé, ó ra ilẹ̀ sí Mowe, ó kọ́ ilé síbẹ̀, ó sì kan páànù sí i. Ó ku síìlì abẹ́ páànù, ó ku ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ìparí ọdún, inú rẹ̀ dùn débi pé ó gba makirofóònù lọ́wọ́ olórí akọrin.

"Ẹ̀yin ará, tí ilé mi bá parí, pásítọ̀ ló máa gé ríbọ́ọ̀nù rẹ̀! Gbogbo yín lẹ máa bá mi ṣí i!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Àtẹ́wọ́ yẹn ló kó bá a.

Kò pẹ́ sígbà náà ni dísù tí ẹ̀rọ wọn ń lò gbówó lórí, tí ilé iṣẹ́ wọn sì dá àwọn kan dúró. Wọn ò lé Ọlágòkè, ṣùgbọ́n wọ́n gé owó oṣù rẹ̀ sí ìdajì. Lọ́sàn-án Sátidé kan, Morẹ́nikẹ́ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Dádì Delight, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kó lọ sí Mowe. Ká fi ọ̀rá dí fèrèsé, ká ra ilẹ̀kùn sí yàrá kan. Màá gbé fírísà mi dání, màá máa ta ẹja níbẹ̀."

"Ilé tí kò ní síìlì? Lẹ́yìn tí mo ti kéde ìṣílé? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

"Ta ló máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́?"

"O ò mọ ayé. God forbid!"

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń wọlé ní Mowe àti Ibafo nìyẹn. Inú ilé ni wọ́n ti ń parí ilé. Aṣọ tí wọ́n sá síta àti èéfín ààrò wọn ló ń sọ fún àwọn ọmọ onílẹ̀ pé ilẹ̀ ti ní olúwa. Ọlágòkè mọ èyí dáadáa, kò kàn fẹ́ kó kan òun ni.

Ó wá ń fi ìdajì owó gbé ayé odindi. Ó ta ọkọ̀, ó ta jẹnẹrétọ̀. Nígbà tó ku owó ilé tó máa san fún onílé wọn ní Akute, ó ta fírísà ìyàwó rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gbé fírísà náà jáde ni Morẹ́nikẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun àti ọmọ ṣáájú lọ sí Mowe. Ọlágòkè ní tó bá fẹsẹ̀ kan ilé yẹn láìsí àdúrà ìṣílé, kó má pe òun lọ́kọ mọ́. Obìnrin náà tú ẹrù tó ti dì.

Bàbá Mùsáfírù, arúgbó tó ń gbé lódìkejì ilé Mowe náà, pè é lórí fóònù.

"Ọmọ mi, àwọn kan wá wo ilé rẹ o. Wá tanná síbẹ̀, kódà kó jẹ́ àbẹ́là. Kí wọ́n rí èèyàn."

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ ó jẹun ìṣílé láìpẹ́."

Nígbà tí Bàbá tún pè, kò gbé e. Ojú ń tì í láti sọ pé kò tíì sí owó síìlì.

Ọdún yí po. Ilé iṣẹ́ ọ̀rá kógbá sílé pátápátá, onílé Akute sì lé wọn jáde. Ìgbà yẹn ni Ọlágòkè tó gbà láti lọ sí Mowe. Wọ́n kó ìwọ̀nba ẹrù tó kù sínú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, aṣọ fèrèsé ń fẹ́ lójú ilé náà. Wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà funfun. Ríbọ́ọ̀nù pupa tí wọ́n gé sí méjì ṣì wà lára òpó àbáwọlé. Obìnrin kan tó pọn ọmọ jáde sí wọn.

"Ẹ káàbọ̀ o. Ta lẹ ń wá?"

"Ilé mi nìyí," ni Ọlágòkè wí.

"Ilé yín kẹ̀? Àwọn ọmọ onílẹ̀ ló tà á fún wa. Wọ́n ní ẹni tó kọ́ ọ ti kú. Bàbá tó wà lódìkejì nìkan ló ní ẹ wà láàyè. A dúró dè yín títí, a ò rí yín."

Morẹ́nikẹ́ jókòó lé àpò aṣọ wọn. Ó wo ríbọ́ọ̀nù yẹn, ó wo ọkọ rẹ̀.

"Wọ́n ti ṣí i," ló sọ.

Ó mú Delight lọ́wọ́, ó wọ ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìfọ̀, kò sì padà. Ọlágòkè pariwo títí dé àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ní kó gba kóòtù lọ. Owó lọ́yà dà? Àbúrò rẹ̀ kan ní Òkè-Aró ló gbà á sí pálọ̀, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ń sùn. Nígbà tó yá, ó pàdé olórí akọrin lójú ọ̀nà Àgbàdo. Ó dorí kodò.

"Ẹ bá mi bẹ àwọn ará. Ìṣílé yẹn ò ní lè wáyé mọ́."

Ọkùnrin náà ronú, ronú.

"Ìṣílé wo, Bùọ̀dá Ọlágòkè?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, mo bẹ̀ yín, nígbà tí owó tó ń wọlé bá dín kù, ẹ tètè kó lọ síbi tí agbára yín ká, nígbà tí ẹ ṣì ní ẹrù láti kó. Ẹ gbọ́ ti ẹni tó jọ ń jẹ ìyà yẹn pẹ̀lú yín. Àwọn tí ẹ ń tìtorí wọn tijú ní wàhálà tiwọn. Wọ́n ti pàtẹ́wọ́ tán, wọ́n ti lọ sílé wọn, wọn ò sì rántí yín mọ́.