Ègbè Àkèré

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Àkèré, ẹni tí wọn kì í kà mọ́ ẹyẹ, tí wọn kì í kà mọ́ ẹran.

Igi ńlá kan wó dí odò, òùngbẹ ń gbẹ gbogbo igbó. Níbẹ̀, orin ni wọ́n fi ń fa igi. Ẹni tí elégbè bá dárúkọ ni wọ́n ń fi jọba, ẹni tó lé orin ni elégbè sì sábà máa ń dárúkọ. Àwọn ẹyẹ ní Àgbìgbò ni yóò lé e. Àwọn ẹran ní àfi Ẹfọ̀n. Ni àwọn méjèèjì bá ń lé e pọ̀. Kò sẹ́ni tó gbè, igi ò mì.

Ẹ̀rín ń pa Àkèré. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ jọ máa lé e. Ẹ fi ègbè sílẹ̀ fún èmi tí mi ò já mọ́ nǹkan."

Wọ́n ní, "Ó kúkú mọ ara rẹ̀!" Wọ́n di okùn mú.

Àgbìgbò: Ta la ó fi jọba o?
Àkèré: Àkèré ni!
Ẹfọ̀n: Ta ló ni gbogbo igbó?
Àkèré: Àkèré ni!

Àgbìgbò fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n igi ti ń yí, ègbè náà sì dùn lẹ́nu. Ẹyẹ gbè é, ẹran gbè é, Ẹfọ̀n pàápàá gbàgbé ara rẹ̀, ó gbè é. Omi ya wàá!

Wọ́n mumi yó tán kí wọ́n tó rántí ẹni tí wọ́n fi ẹnu ara wọn pè. Ẹfọ̀n ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín: "Kábíyèsí, mo gbà!"

Ẹnu yín ni mo gbé àlọ́ mi sí: ẹ̀yin tí ẹ ń du lílé, ta ni yóò gbè yín?