Ẹ̀rọ Tó Ń Tún Orin Ṣe

Iṣẹ́ ti sú Tíṣà Láṣebìkan, olùkọ́ orin. Láti ìgbà tí ìjọba ti gbé ẹ̀rọ tó ń tún orin ṣe sórí gbogbo tábìlì kíláàsì, ọmọ kankan kì í parí orin mọ́. Ọmọ á kùn orin díẹ̀, ẹ̀rọ á ní, "Ṣé kí n tún un ṣe?" Ọmọ á tẹ bẹ́ẹ̀ ni, orin á jáde, ti òní á jọ ti àná bí ìbejì.

"Ẹ má dá a lóhùn!" ni Tíṣà máa ń pariwo. "Bí orin yín tilẹ̀ wọ́, ẹ jẹ́ kó jẹ́ tiyín!"

Lónìí, Mojírọ́lá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, bọ́ síwájú, ó kọ orin tó fi ń ṣọ̀fọ̀ ìyá rẹ̀. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n, ó já, ó tún bẹ̀rẹ̀. Omi lé ròrò sójú Tíṣà: ohun tó ti ń wá rèé!

Bí ọmọ náà ti dákẹ́, ẹ̀rọ orí tábìlì Tíṣà bi Tíṣà fúnra rẹ̀ pé, "Ṣé kí n tún un ṣe?" Bó ti mọ́ Tíṣà náà lára láti máa tẹ̀ ẹ́ fún orin tirẹ̀, ìka rẹ̀ ti tẹ bẹ́ẹ̀ ni kó tó mọ ohun tó ń ṣe.

Orin náà tún bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹ̀rọ, ó ń dán, kò sẹ́kún kankan nínú rẹ̀.

Mojírọ́lá wo Tíṣà lójú. "Sà, ṣé tèmi burú tó bẹ́ẹ̀ ni?"