Sláìmù Péńpé

Yàrá tó dojú kọ ti aránṣọ kan àti ọkọ rẹ̀ ni obìnrin kan kó wá sí. Kò lọ́kọ, kò bímọ. "Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe nǹkan ìṣeré ọmọdé ni mo wà," ló sọ fún aránṣọ náà, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ kan ṣoṣo ni aránṣọ náà ní. Péńpé ni wọ́n ń pè é, torí kò ga rárá.

Ní ọjọ́ Ẹtì, obìnrin náà gbé páálí funfun kan wá fún ọmọ náà. Kò sí àwòrán lára rẹ̀. Gọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀, àti ìyẹ̀fun díẹ̀, àti ìgò àwọ̀ kékeré. Péńpé jókòó sílẹ̀, ó pò wọ́n pọ̀ títí wọ́n fi di sláìmù, ó ń fà, ó ń yọ̀ bọ̀rọ́ láàárín ìka rẹ̀. Obìnrin náà wọ ìbọ̀wọ́ kó tó bá a gbé ike tó fi pò ó.

"Mi ò fẹ́ kí èékánná mi bàjẹ́ ni," ló wí.

Bí Péńpé ṣe sọ ọ́ ní Àǹtí Ìbọ̀wọ́ nìyẹn.

Láti ìgbà náà, kò sí ọjọ́ Ẹtì tí páálí kì í dé. Àǹtí Ìbọ̀wọ́ á di ọwọ́ ọmọ náà mú, á yẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wò, á bi í bóyá ó sùn dáadáa. Aránṣọ á máa wò wọ́n láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀. Nígbà tó yá, Péńpé ní ọ̀dọ̀ àǹtí òun lòun fẹ́ lọ máa sùn.

"Ọmọ mi lobìnrin yìí fẹ́ gbà," ni aránṣọ sọ fún ọkọ rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Owú lò ń jẹ. Ra sláìmù tìẹ fún un."

Ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, aránṣọ tilẹ̀kùn. Àǹtí Ìbọ̀wọ́ kanlẹ̀kùn, wọn ò dáhùn. Kò lọ. Aránṣọ ń wo òjìji ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ bo ọmọ rẹ̀ lẹ́nu.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọwọ́ Péńpé bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Awọ rẹ̀ ń bó, kò lè di ṣíbí mú. Aránṣọ ní ọṣẹ tuntun tóun rà ni, ó kó o dà nù. Yíyún náà kò lọ. Ọmọ náà ń ké ṣáá. Ibi tí wọ́n ti ń wá ohun tí wọn ó ṣe ni Àǹtí Ìbọ̀wọ́ ti wọlé, ìpara wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló sọ fún ẹ pé ọwọ́ ló ń dùn ún?"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tọ́jú ọmọ ná, Mọ́mì Péńpé."

Ojoojúmọ́ ló ń wá. Ó ń fi omi tútù fọ ọwọ́ ọmọ náà, ó ń fi ìpara pa á, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i títí yóò fi sùn. Nígbà tí awọ tuntun bò ó tán, omijé bọ́ lójú aránṣọ.

"Àbúrò mi, má bínú. Mo ti ro ibi sí ẹ. Ilé ẹ nìyí o, ìgbà tó bá wù ẹ́ ni kóo wọlé."

"Kò tọ́pẹ́, mà."

Ní ọjọ́ Ajé, Àǹtí Ìbọ̀wọ́ dúró níwájú ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, ó ní, "Ọwọ́ ọmọ yẹn ti jinná, sà, ìyá rẹ̀ ò sì fura sí mi mọ́, ẹ fún mi ní èyí tó tún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ká lè mọ ibi tí awọ ọmọdé lè fara dà á dé, ká tó gbé e lọ sọ́jà."