Ẹ̀tù Nọ́ọ̀sì

Eepo ọta ta jáde lára ìbọn nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, ó balẹ̀ síwájú àga Verlin ní pápá ìyìnbọn kan ní Montana. Verlin he é sápò kíá.

"Ohun tó bá bọ́ sọ́dọ̀ mi, tèmi ni! Nọ́ọ̀sì, ẹ bu ẹ̀tù sí i dáadáa jàre. Àbí ọ̀kẹ́rẹ́ Montana lẹ fẹ́ fi ìbọn kí ni?"

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì náà rẹ́rìn-ín. Ó mọ ohun tó ń wá: bí ẹ̀tù bá ṣe pọ̀ sí i ni eepo, tí òun ìbá he láti tún bu ẹ̀tù sí kó lè di ọta padà, ń fò jìnnà sí i. Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọdún ló fi wọn oògùn. Ẹ̀tù tó pọ̀ jù á fọ́ ìbọn tó ń fúnra rẹ̀ kì ara rẹ̀ yìí, èyí tó kéré jù á jẹ́ kó há. Ìwọ̀n tó kéré jù lọ tí ìwé ìlànà ẹ̀tù fọwọ́ sí ló fi kì ọta márùn-ún tó kù.

Ó ṣí fìlà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, ẹnu rẹ̀ lókè, ó yìnbọn. Eepo já sínú fìlà. Verlin sún àga mọ́ ọn. Ó tún yìn. Fìlà ló tún gbà á. Verlin tún sún.

Nígbà tí ìkarùn-ún máa dún, àga Verlin ti kan ti nọ́ọ̀sì.

"Rọra o, Verlin," ni nọ́ọ̀sì wí, "má tẹ fìlà mi."