Ẹ̀ṣọ́ Orí Afárá

Bí ológbò àti eku ni Marjut àti Raimo ṣe wà nílé iṣẹ́ wọn ní Oulu. Marjut ló ń kọ ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn inú eré orí kọ̀ǹpútà wọn ń sọ. Raimo ló ń ṣètò ìjà. Bí Marjut bá ní kí arìnrìn-àjò inú eré náà jókòó ti arúgbó kan kó gbọ́ ìtàn, Raimo á ní kí arúgbó náà yọ idà. Tuulikki, ọ̀gá wọn, ló máa ń là wọ́n.

Nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀, Tuulikki ní eré náà ti gùn jù. Ó ní kí oníkálukú mú orúkọ àwọn tó mọ irú eré bẹ́ẹ̀ ṣe wá, kí àwọn pè wọ́n wá dán an wò. Ibi tí àlejò bá ti ń fo ọ̀rọ̀, wọn á gé e.

"Kí la tún ń wádìí?" Raimo ní. "Ẹni tó bá fẹ́ kàwé, kó lọ sí láíbìrì."

"Ẹni tó bá fẹ́ jà ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?" Marjut bi í. "Ṣé kó lọ sílé ọtí ni?"

"Ìyẹn náà dáa," ni Raimo wí, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ wúwo. Ìyẹn gan-an ti pọ̀ fún un lọ́jọ́ kan.

Ibì kan ṣoṣo wà nínú eré náà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ gbogbo wọn lára. Ẹ̀ṣọ́ arúgbó kan dúró lórí afárá. Ó ń bi gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kọjá bóyá wọ́n rí ọmọbìnrin òun. Ó ní ọmọ náà gba orí afárá yìí lọ pẹ̀lú ìbínú, òun bàbá rẹ̀ ló sì jẹ̀bi. Lọ́dọọdún tí odò bá ti dì, òun a máa pọ́n irin abẹ́ bàtà pupa tí ọmọ náà fi ń yọ̀ lórí yìnyín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti tóbi ju bàtà náà lọ.

"Marjut, o pa mí lẹ́kún," Tuulikki ní lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ kà á, ó sì dì mọ́ ọn lójú gbogbo ènìyàn.

Marjut kọ́ ló kọ ọ́. Òfìfo ló fi ibẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó ń lọ fún ìsinmi; ìgbà tó dé, ó bá ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó gbà pé Sanni ni, ọmọ tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, tó ti lọ sí Helsinki. Ó fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún Tuulikki tí wọ́n bá mu kọfí tán. Wọ́n mu kọfí tán, wọ́n jẹ búrẹ́dì onísínámọ́nì tán, kò sọ ọ́. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ afárá, ojú a máa tì í débi pé kì í lè gbórí sókè.

Raimo ní tirẹ̀ sọ ẹ̀ṣọ́ náà di alágbára ju gbogbo ọ̀tá inú eré lọ. Idà tó bá kàn án, ṣíṣẹ́ ló ń ṣẹ́. Àfi kéèyàn sọ idà sílẹ̀, kó gbọ́rọ̀ bàbá náà tán, kó tó lè kọjá.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló wá lè ṣẹ́gun bàbá yìí?" Marjut bi í.

"Kò sí."

Marjut rò pé ó fẹ́ kí afárá náà sú àwọn àlejò ni, kí wọ́n lè gé e.

Lọ́jọ́ tí àlejò dé, Raimo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀ dáadáa. "Ìyàwó wo lẹ fẹ́ lọ fẹ́ lónìí?" Tuulikki bi í. Kò rẹ́rìn-ín. Ó bá ọ̀gá wọn lọ sẹ́yìn gíláàsì dúdú, níbi tí wọ́n ti ń wo àlejò, tí wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ̀, tí òun ò sì rí wọn. Kò bọ́ kóòtù rẹ̀.

Ọmọbìnrin gíga kan tó ń jẹ́ Vilma ni àlejò náà. Ó ń ja ìjà, ó ń fo ọ̀rọ̀. Marjut tó jókòó tì í kàn ń wò ó ni, ọkàn rẹ̀ ń rẹ̀wẹ̀sì. Nígbà tí Vilma dé afárá, ó jà títí, idà rẹ̀ ń ṣẹ́. Ó wá sọ idà sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí bọ́tìnnì. Ó padà síbẹ̀rẹ̀, ó tún un kà.

"Ta ló kọ èyí?" ó bi Marjut.

"Èwo?"

"Ti bàtà pupa yìí. Ṣé bàbá àgbàlagbà kan ni?"

Marjut rántí pé Tuulikki wà lẹ́yìn gíláàsì. "Èmi ni," ó ní.

"Ẹ̀yin?" Vilma tẹjú mọ́ ọn. "Ṣé ó dá yín lójú?"

"Èmi ni mo rò ó, tí mo kọ ọ́."

"Ó dáa." Vilma dé fìlà rẹ̀. "Mo ti ń rò ó pé... Kò burú. Ẹ mọ̀wé kọ." Kò parí eré náà, kò sì fọwọ́ kan kọfí tí wọ́n gbé fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Raimo ní kí wọ́n yọ afárá náà kúrò.

"Ibi tó dùn jù lọ?" Tuulikki ní. "Ọmọ yẹn kà á lẹ́ẹ̀mejì."

"Ẹ yọ ọ́. Kò wúlò mọ́."

Ìtìjú kò jẹ́ kí Marjut lè jókòó mọ́. Ó tẹ̀ lé Raimo lọ síbi tí wọ́n ń fi kóòtù kọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ojú ń tì mí. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ lánàá. Irọ́ ni mo pa, èmi kọ́ ni mo kọ ọ̀rọ̀ afárá. Sanni ló kọ ọ́. Màá pè é lónìí, màá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀."

Raimo ń di bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Má da Sanni láàmú," ó ní. "Ó ti pẹ́ tí Vilma ọmọ mi ti kọ̀ láti gbé fóònù mi, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síbi tí mo mọ̀ pé á ti kà á."