Ògiri Irin Tó Ń Jẹ́ Igi

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ara ògiri yìí, ṣé igi ni àbí irin?"

"Igi ni."

"Igi pátápátá?"

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ti rí alápatà tó ń ra ẹran inú agolo jẹ rí?"

"Rárá o, ọ̀gá."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Gbé iná rẹ kọ́ sókè, jẹ́ ká rí nǹkan mìíràn ṣe."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má tíì kọjá o. Ẹ fara balẹ̀, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tí ẹ mọ̀ tí ojú ayé ń tì ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni ọkùnrin yẹn fi dá oníṣẹ́ iná lóhùn. Méjèèjì ti tó láti tú ilé ká.

1.

Káfíńtà ni ọkùnrin náà. Ojúlówó ni àwọn oníbàárà ń pè é, torí kò sí àga tó kàn tí kì í fọwọ́ gbá nídìí, kó sì wí pé, "Ojúlówó rèé!" Ó mọṣẹ́, a ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ikán kì í bẹ̀rù ẹni tó mọṣẹ́. Pákó tó fi bo iwájú ilé rẹ̀ ni ikán wọ̀, wọ́n jẹ ẹ́ títí tó fi ń rún lọ́wọ́ bíi búrẹ́dì gbígbẹ.

Ìtìjú ńlá! Káfíńtà tí ikán ń jẹ ilé mọ́ lórí.

Ló bá lọ ra irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ya ojú igi sí lára. Bí ẹ bá rí i, ẹ ó búra pé inú igbó ló ti wá. Ó ní ìlà, ó ní kókó, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀ bí igi tó gbẹ dáadáa. Irin náà dára. Ikán ò lè jẹ ẹ́, òjò ò lè mú kó jẹrà. Orúkọ tí ọkùnrin yìí sọ ọ́ ló burú.

Òun àti ìyàwó rẹ̀ ti géètì pa fún ọjọ́ mẹ́ta, àwọn méjèèjì ni wọ́n kàn án. Ó há àjákù pákó sẹ́yìn irin náà, kó má baà dún bí agolo bí ẹnìkan bá fọwọ́ gbá a.

Ìyàwó rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. "Olówó orí mi, ẹ wo kókó yìí, tó rí bí ojú ológbò. Ó wà níbí, ó wà lọ́hùn-ún, ó tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Igi wo ló ń bí ìbejì báyìí?"

"Ta ni yóò dúró kà á?"

"Ẹ jẹ́ ká kúkú sọ pé irin ni. Ta ni yóò mú wa?"

"Kí wọ́n wá máa wí pé inú agolo ni Ojúlówó ń gbé? Láéláé!"

Obìnrin náà na ìṣó mìíràn sí i. Ó bo ọkọ rẹ̀ láṣìírí.

2.

Ògiri náà di ìròyìn. "Ojúlówó, ọwọ́ yín ló fá gbogbo èyí?" "Ọwọ́ mi ni." Kò pẹ́, obìnrin kan tó ń kọ́ ilé-ìwé ní òun fẹ́ gbé ilẹ̀kùn ogójì fún un kàn, ṣùgbọ́n òun fẹ́ kọ́kọ́ fojú ara òun rí ògiri náà. Ojúlówó bá ránṣẹ́ pe oníṣẹ́ iná, kó wá fi iná sí i lára kó lè máa dán.

Kí ọmọkùnrin náà tó dé, Ojúlówó ti fọwọ́ ara rẹ̀ lu ihò tí wáyà yóò gbà. Ó gbá gbogbo wínníwínní irin tó dà sílẹ̀. Ó wá bu lẹ́búlẹ́bú pákó láti ṣọ́ọ̀bù, ó wọ́n ọn síbẹ̀. Ẹ ò rí ọgbọ́n!

Obìnrin onílé-ìwé wà lórí ìdúró nígbà tí oníṣẹ́ iná béèrè ìbéèrè tí ẹ kà lókè yẹn. Ọmọkùnrin náà gun àkàbà, ó tún sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá, ayé àfarawé la wà. Tó bá jẹ́ irin ni, màá ki rọ́bà bọ ihò yẹn kí etí irin má baà gé wáyà, màá sì ri wáyà kan mọ́lẹ̀. Iná máa ń gba ara irin rìn, ó sì ń pààyàn. Ṣé igi ni lóòótọ́?"

Ojúlówó wò ó. Ó wo obìnrin náà. Obìnrin náà ń wo òun náà.

"Mo ní igi ni!"

"Ó dáa, ọ̀gá."

Obìnrin onílé-ìwé fọwọ́ síwèé.

3.

Nírọ̀lẹ́, ìyàwó rẹ̀ tibi iṣẹ́ dé.

"Iná yìí mà rẹwà o. Ṣé ẹ sọ fún un pé irin ni?"

"Mo sọ fún un."

"Ẹ sọ fún un?"

"Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Ó gbà á gbọ́. Ọkọ rẹ̀ ni.

Oṣù mẹ́rin kọjá. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, etí irin ń rẹ́ wáyà díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kan, òjò ṣú dẹ̀dẹ̀ lọ́sàn-án gangan, wọ́n sì tan iná ìta. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ kí ìyàwó tó sáré jáde lọ ká aṣọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Ó nawọ́ láti di ògiri mú.

Kò pariwo. Agbọ̀n aṣọ tó já bọ́ ni wọ́n gbọ́.

Àwọn aládùúgbò sáré wọlé, ọ̀kan ti na ọwọ́ láti fà á. Ojúlówó figbe ta láti ẹnu ọ̀nà: "Ẹ má fọwọ́ kàn án! Irin ni! Irin ni o!"

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ sọ ọ́ nìyẹn. Kí wọ́n tó pa iná, ẹ̀mí ti bọ́ lára ìyàwó rẹ̀.

4.

Obìnrin onílé-ìwé gba iṣẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ padà. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní Ojúlówó mọ́. Tí ẹ bá gba ibẹ̀ kọjá, ẹ ó rí i lórí àga, tó kọjú sí ògiri, tó ń ka kókó tó rí bí ojú ológbò. Mọ́kànlá ni wọ́n.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo bẹ̀ yín. Ẹ lo àfarawé bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ pè é lórúkọ rẹ̀. Bí ẹnìkan bá sì bi yín ní ìbéèrè nítorí ẹ̀mí, ẹ má fi iyì dá a lóhùn. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Wọn ò sọ fún wa ẹni tí yóò dúró sáàárín àwọn méjèèjì lọ́jọ́ náà.

Oníṣẹ́ iná wá kí i kú ọ̀fọ̀. Wọ́n fún un ní àga, kò jókòó. Ó wo ihò wáyà lára ògiri fún ìgbà pípẹ́. Ó wá wọ bàtà rẹ̀, ó ṣí géètì, kò wẹ̀yìn.

"Ọ̀gá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi yín."